Ìgbéyàwó ẹlẹ́ni méjì láàárín oko àjàrà: Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé fáwọn àgbẹ̀ Chianti kí wáìnì wọn tó dọ́jà

Àgbẹ̀ tó bá ká èso àjàrà lóko lágbègbè Chianti, lórílẹ̀-èdè Ítálì, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, kò gbọ́dọ̀ ta wáìnì Chianti Classico tó bá fi ṣe títí di ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Riserva ló fẹ́ ṣe, oṣù 24 ni yóò fi dúró. Gran Selezione tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn, oṣù 30 ni tiẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ, owó epo katakata ń lọ, owó àgbá àti ìgò náà ń lọ. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin àjàrà tuntun yóò dúró tó bí ọdún 3 kó tó rí èso gidi ká níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó bá fẹ́ wá ṣègbéyàwó láàárín oko kan náà, kí wọ́n tó wọ bàálù rárá ni wọ́n ti ń san àsansílẹ̀. Wọn kì í kó èrò wá. Àwọn méjì péré ni, tàbí àwọn pẹ̀lú èèyàn díẹ̀ tó lè jókòó yí tábìlì kan ká. Oko ò bàjẹ́, iṣẹ́ ò dúró, owó sì wọlé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn tó ni oko àjàrà ní Chianti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, àwọn oníṣẹ́ kéékèèké tó wà láyìíká wọn náà sì ń jẹ níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní elopement?

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Ọmọkùnrin àtọmọbìnrin táwọn òbí ò fọwọ́ sí ìfẹ́ wọn ló máa ń sá lọ fẹ́ra wọn níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1753 pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí kó tó ṣègbéyàwó, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá gba ẹnubodè kọjá sí Scotland, níbi tí òfin náà ò dé. Gretna Green ni abúlé tó wà lẹ́nu ibodè ọ̀hún. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ló wá di ẹni tó ń so tọkọtaya pọ̀, tí wọ́n sì ń gbowó rẹ̀. Àwọn onílé ìtura àtàwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé èrò náà rí tiwọn jẹ. Lọ́dún 1856, òfin mìíràn tún jáde pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gbé ní Scotland fún ọjọ́ 21. Bí òfin ṣe yí, bẹ́ẹ̀ lọjà yí mọ́ àwọn ará Gretna Green lọ́wọ́.

Lóde òní, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣe é kì í sá fún ẹnikẹ́ni. Àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n, wọ́n sọ fáwọn òbí wọn, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ ariwo èrò. Wọ́n á wá ibi tó rẹwà, wọ́n á fẹ́ra wọn níbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹun tó dáa, wọ́n á sì sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Kí oníṣòwò má ṣe rò pé torí pé èrò kéré, owó náà kéré. Owó tí wọn ì bá fi bọ́ ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, wọ́n lè kó o lé orí ara wọn.

Lójú ọmọ Yorùbá, ìgbéyàwó tí ẹbí ò sí níbẹ̀ dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ẹbí méjì ló ń fẹ́ra, kì í ṣe èèyàn méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò kì í fi ojú tiẹ̀ nìkan wo ọjà. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé London tàbí Houston pàápàá lè ṣe ìdáná nílé àwọn òbí ìyàwó, kí gbogbo ẹbí jẹ, kí wọ́n mu, kí òun àti aya rẹ̀ sì wá fi ọjọ́ mẹ́rin lọ ṣe ti ìwé ìjọba ní Ítálì.

Àkùkọ dúdú àti ilé tó ṣófo

Chianti wà láàárín ìlú Florence àti Siena, ní ẹkùn Tuscany. Ilẹ̀ olókè kéékèèké ni, àjàrà àti igi ólífì ló bo ibẹ̀. Lọ́dún 1716, Cosimo Kẹta, ọmọ ìdílé Medici tó ń ṣàkóso Tuscany nígbà náà, pàṣẹ tó fi ààlà sí ilẹ̀ tí wáìnì Chianti ti lè jáde. Lọ́dún 1924, àwọn tó ń ṣe wáìnì níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Radda láti dáàbò bo orúkọ ọjà wọn. Àkùkọ dúdú ni wọ́n fi ṣàmì, òun náà ló sì wà lára ìgò Chianti Classico dòní.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà nídìí àkùkọ yìí. Wọ́n ní Florence àti Siena ń jà sórí ilẹ̀, ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí ẹlẹ́ṣin kan gbéra láti ìlú kọ̀ọ̀kan nígbà tí àkùkọ bá kọ, pé ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni ààlà. Àwọn ará Siena bọ́ àkùkọ funfun tiwọn yó. Àwọn ará Florence fi ebi pa dúdú tiwọn, wọ́n sì tì í mọ́ inú òkùnkùn. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ síta lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti ń kọ. Ẹlẹ́ṣin Florence ti rìn jìnnà kí ti Siena tó jí, Fonterutoli tó sún mọ́ Siena pẹ́kípẹ́kí ni wọ́n sì ti pàdé. Ìtàn yìí lẹni tó ń mú àlejò yíká oko máa ń sọ fún wọn, ìtàn náà sì ń bá wọn ta ìgò.

Ohun tó sọ ibẹ̀ di ibi ìgbéyàwó kò ṣẹ̀yìn ilé tó ṣófo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ètò mezzadria ni wọ́n fi ń dáko níbẹ̀: àgbẹ̀ á gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n á sì pín èrè oko sí méjì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀ lọ sílé iṣẹ́ ẹ̀rọ nígboro. Òfin ọdún 1964 sì ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe bá àgbẹ̀ ṣe irú àdéhùn yẹn tuntun mọ́. Ilé olókùúta táwọn àgbẹ̀ ń gbé di ahoro. Àwọn àjèjì, pàápàá àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n, débi táwọn kan fi ń fi ibẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé Chiantishire ni.

Lọ́dún 1985, ìjọba Ítálì ṣe òfin agriturismo, èyí tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò lọ́dún 2006. Òfin náà fún àgbẹ̀ láyè láti gba àlejò sílé oko rẹ̀, kó fún wọn ní oúnjẹ, kó sì gbowó, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ àgbẹ̀ bá ṣì jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ilé tó ti di ahoro ṣe padà di ilé tó ń pawó.

Ìwé ló ń ṣíwájú òdòdó

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń fọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ tàbí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ìwé ni. Tọkọtaya lè rìnrìn àjò wá, kí wọ́n ti sanwó fún gbogbo èèyàn, kí kánsù wá sọ pé ìwé kan ò pé, pé àwọn ò lè so wọ́n pọ̀. Aṣètò ayẹyẹ tó bá mọ ọ̀rọ̀ ìwé yìí yanjú, iṣẹ́ rẹ̀ ló níye lórí jù.

Ítálì ò sọ pé kí àjèjì kọ́kọ́ gbé ìlú àwọn fún iye ọjọ́ kan. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gba ọjà náà mọ́ ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́. Ní Faransé, ó di dandan kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, tàbí òbí wọn, ní ilé ní ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é, tàbí kó ti gbé ibẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Nítorí náà, àjèjì tó bá fẹ́ ṣe é láàárín oko àjàrà Bordeaux tàbí Champagne sábà máa ń fọwọ́ síwèé nílùú rẹ̀ ná, èyí tó bá ṣe lóko wá di ti ojú ayé, kò ní agbára òfin.

Ohun tí Ítálì ń béèrè ni ìwé Nulla Osta, ìyẹn ìwé látọ̀dọ̀ aláṣẹ orílẹ̀-èdè àjèjì náà pé kò sóhun tó dènà ìgbéyàwó rẹ̀. Abala 116 nínú ìwé òfin wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà náà kò yọ sílẹ̀. Ará Gẹ̀ẹ́sì yóò lọ fi ọ̀rọ̀ tó rẹ́jísìrì àdúgbò rẹ̀ létí, wọ́n á lẹ orúkọ wọn síta fún ọjọ́ 28 kí wọ́n tó fún un níwèé. Ará Amẹ́ríkà yóò búra níwájú aṣojú ìjọba wọn tó wà ní Ítálì, yóò sì tún gba Atto Notorio, ìyẹn ìbúra tí ẹlẹ́rìí 2 bá a ṣe, yálà ní ọ́fíìsì aṣojú Ítálì kó tó kúrò nílé, tàbí ní kóòtù Ítálì. Òǹtẹ̀ ìjọba tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irú ìwé wọ̀nyí, yúrò 16 ni ẹyọ kan. Obìnrin tó ti kọ ọkọ tàbí tí ọkọ rẹ̀ kú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ 300 kọjá, àfi tí kóòtù bá yọ̀ǹda fún un.

Ẹni tó bá ń fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rìn tún ní físà Schengen láti gbà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Wọ́n á béèrè inṣọ́ránsì ìrìn àjò tó lè san tó yúrò 30,000, èèyàn sì lè kọ́wèé béèrè fún un láti oṣù 6 sígbà tó fẹ́ rìn. Kò bọ́gbọ́n mu kéèyàn sanwó oko àti onífọ́tò tán kó tó mọ ibi tọ́rọ̀ físà máa já sí.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti máa ṣe é náà tún wà níbẹ̀. Òfin Ítálì ní inú ilé kánsù ni ìgbéyàwó ìjọba ti ń wáyé, àmọ́ òfin ọdún 2000 fún kánsù láyè láti ya ibòmíràn sọ́tọ̀ bí ọ́fíìsì tiẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé oko kan lè ní àṣẹ yìí, kí oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má ní in. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí tọkọtaya bi ẹni tó ni oko nìyẹn. Bí kò bá ní in, wọ́n lè lọ sí gbọ̀ngàn kánsù ní Greve tàbí Radda láàárọ̀, kí wọ́n padà sóko lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ ọ̀hún, méyọ̀ tàbí ẹni tó rán yóò wọ aṣọ àgbékọ́rùn aláwọ̀ ewé, funfun àti pupa, yóò ka abala 143, 144 àti 147 nínú ìwé òfin sí wọn létí, lójú ẹlẹ́rìí 2. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè Ítálì gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn méjì nìkan ló wá, aṣètò ayẹyẹ àti onífọ́tò ló sábà máa ń dúró bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n tún lè sọ níbẹ̀ bóyá kí dúkìá oníkálùkù dá dúró láyè ara rẹ̀, torí bí wọn ò bá sọ̀rọ̀, òfin Ítálì láti ọdún 1975 ka ohun tí wọ́n bá kó jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó sí ti àwọn méjèèjì. Kí ẹni tó nílé iṣẹ́ tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà kó tó débẹ̀, pàápàá lórí òfin ìlú tí wọn yóò máa gbé.

Ìgbà wo ló dáa?

Nínú oṣù kìíní sí oṣù kẹta, igi àjàrà wà níhòòhò. Oṣù kẹrin ló máa ń rúwé. Nínú oṣù kẹfà, gbogbo oko ti tutù yọ̀yọ̀, oòrùn kì í sì í wọ̀ títí di bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, èyí tí inú onífọ́tò máa ń dùn sí. Oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni ìkórè. Èso ti gbó lórí igi nígbà náà, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n àsìkò yẹn gan-an ni ọwọ́ àgbẹ̀ dí jù, tí katakata ń lọ tó ń bọ̀. Lópin oṣù kẹwàá, ewé á yí sí pupa àti òféèfèé, èrò á sì ti dín kù.

Ẹni tó fẹ́ kí owó òun ràn dáadáa á mú oṣù karùn-ún tàbí ìparí oṣù kẹwàá, á sì mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú dípò Sátidé. Ohun tó dáa fún tọkọtaya yìí dáa fún àgbẹ̀ náà. Ayẹyẹ ńlá ló ń gba Sátidé. Àwọn ẹlẹ́ni méjì ló ń kún àwọn ọjọ́ tí yàrá ì bá ṣófo.

Ta ló ń jẹ níbẹ̀?

Yàtọ̀ sí olóko àti aṣètò ayẹyẹ, onífọ́tò wà níbẹ̀, alásè wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta òdòdó, aṣerunlóge, ògbufọ̀, onífaolíìnì, àti awakọ̀ tó lọ gbé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú Florence tàbí Pisa. Awakọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí àárín àwọn ìlú àtijọ́ bíi Florence àti Siena ní agbègbè tí ọkọ̀ tí kò gbàṣẹ ò gbọ́dọ̀ wọ̀. Kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ibẹ̀, ìwé owó ìtanràn á sì bá àlejò dé ilé rẹ̀.

Ayẹyẹ èrò rẹpẹtẹ lè mú kí oko ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníbàárà yòókù fọ́jọ́ méjì. Ìgbéyàwó ẹlẹ́ni méjì ò gbà ju igun kan nínú oko àti wákàtí mélòó kan lọ. Àwọn tó wá tọ́ wáìnì wò á ṣì máa wọlé. Tọkọtaya náà á sì ra páálí wáìnì kí wọ́n tó lọ. Ní ọdọọdún tí wọ́n bá fẹ́ rántí ọjọ́ yẹn, ìgò oko yẹn ni wọ́n á fẹ́ ṣí, oníbàárà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n dà.

Àsansílẹ̀ méjì tó yàtọ̀ síra

Bí oníṣòwò kékeré ò bá mú ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó mú èyí. Nílẹ̀ Ítálì, àsansílẹ̀ pín sí méjì, ìwé àdéhùn sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́. Acconto jẹ́ apá kan lára owó iṣẹ́. Bí àdéhùn bá túká, ó ṣeé gbà padà. Caparra confirmatoria yàtọ̀. Abala 1385 nínú ìwé òfin wọn sọ pé bí ẹni tó san án bá kùnà àdéhùn, ẹni tó gbà á lè mú un jẹ. Bó bá jẹ́ ẹni tó gbà á ló kùnà, ìlọ́po méjì ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká ní onífọ́tò gba caparra yúrò 500. Bí tọkọtaya bá kàn yí ọkàn padà, 500 rẹ̀ wọ àpò. Bí òun bá tìtorí iṣẹ́ tó lówó lórí jù já wọn kulẹ̀, 1,000 ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin yìí ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Oníṣẹ́ ò ní dá ọjọ́ dúró lásán, oníbàárà náà ò sì ní dé ibi ìgbéyàwó kó máa wá onífọ́tò kiri. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló ń ṣẹlẹ̀ torí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn ò kọ sínú rìsíìtì.

Ewu tó wà nídìí rẹ̀

Òjò lè rọ̀, nítorí náà oko tó gbọ́n kì í gba ìgbéyàwó láìní yàrá tàbí ilé àgbá tí wọ́n lè sá sí. Òfin lè yí, bó ṣe yí mọ́ àwọn ará Gretna Green lọ́wọ́. Àìsàn pẹ̀lú lè ti ẹnubodè. Lọ́jọ́ 9, oṣù kẹta, ọdún 2020, ìjọba Ítálì kéde kónílé-ó-gbélé káàkiri orílẹ̀-èdè náà nítorí àrùn Kòrónà. Àlejò ò wá mọ́, ẹni tó sì ti ná àsansílẹ̀ tán kó tó ṣiṣẹ́ wà nínú wàhálà.

Àmọ́ oko nìkan náà ní ewu tiẹ̀. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2017, òtútù dídì jó ọ̀mùnú àjàrà ní Tuscany. Lọ́dún 2023, àrùn peronospora ba èso jẹ́ lọ́pọ̀ oko ní àárín àti gúúsù Ítálì. Àgbẹ̀ tó ní yàrá tó ń gbàlejò lásìkò bẹ́ẹ̀ ṣì rí nǹkan fi san owó òṣìṣẹ́. Bí ọ̀kan bá dákú, èkejì á gbé e dúró.

Ohun tóníṣòwò kékeré lè mú níbẹ̀

Alásè, onífọ́tò tàbí aṣètò ayẹyẹ tó wà nílé níbí ò nílò oko àjàrà kó tó lo ọgbọ́n yìí. Àkọ́kọ́, kó wo ohun tó ti ní tó ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀, kó wá oníbàárà kékeré tó lè kún un. Èkejì, kó mọ apá tó nira jù nínú iṣẹ́ náà, yálà ìwé ni tàbí ètò ìrìnnà, kó gbé e kúrò lọ́rùn oníbàárà, kó sì gbowó rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kó kọ ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ sílẹ̀ lédè tó yéni: èló ni, ta ló lè mú un jẹ, ìgbà wo ló di dídá padà. Ẹ̀kẹrin, kó má ná owó iṣẹ́ tí kò tíì ṣe.

Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ti kọjá tí wọ́n ti fààlà sí ilẹ̀ Chianti, wáìnì ṣì ni olórí iṣẹ́ wọn. Wọn ò fi í sílẹ̀ tìtorí ìgbéyàwó. Ohun tó wà nílẹ̀ náà ni wọ́n ń tà lọ́nà méjì, wọ́n sì jẹ́ kí owó tó ń yá wọlé máa ran èyí tó ń pẹ́ lọ́wọ́.